Òṣómàáló tó ń jà: ìwé iṣẹ́ fíìmù wa n'Iléṣà, látìgbà òjò títí ọyẹ́ fi dé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí pé fíìmù ọ̀hún dà, ó wà ńbẹ̀ o, kò tíì kú. Látoṣù kẹsàn-án ni mo ti ń kọ ohun tá a bá ṣe sínú ìwé kékeré kan, epo wà lára ìwé yẹn, ṣúgà wà lára ẹ̀, àwọn ojú ewé kan tiẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra wọn, ni mo bá ní kí n yáa tẹ̀ ẹ́ síta kó tó di pé èèrà jẹ ìyókù.

Fíìmù oníṣẹ́jú 12 ni. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, àmọ́ ìjà wà ńbẹ̀ dáadáa. Ibi tó ti kó sí mi lórí ni Sherlock Holmes tí Guy Ritchie ṣe lọ́dún 2009, èyí tí Robert Downey Jr. ti ṣe Holmes, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé òyìnbó, tí Jude Law sì ṣe Dókítà Watson, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ti wò ó á rántí ibi tí Holmes ti bọ́ ẹ̀wù, tóun àti òmìrán kan jọ ń jẹ̀ṣẹ́ láàárín èrò, tó kọ́kọ́ ka ìjà náà tán lọ́kàn ara ẹ̀: ibi tó máa gbá rèé, ohun tó máa ṣe é rèé, iye ìgbà tó máa fi sàn rèé, gbogbo ẹ̀ ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń lá àlá, ìgbà tó kà á tán ló wá ṣe é ní kíá, pàì, pàì, pàì, ó parí. Mo wo ibẹ̀ yẹn bí ìgbà ogún, mo ní áà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń gbowó rèé.

Torí kí ni òṣómàáló? Àwọn bàbá wa tó ń gbé aṣọ kiri ilẹ̀ Yorùbá ni, wọ́n á tà á fún ẹ láwìn, tọ́jọ́ owó bá pé wọ́n á wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ, wọn ò ní dìde àfi tó o bá sanwó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò lè jẹ́ dìndìnrìn. Wọ́n á ní onígbèsè ti rìnrìn àjò, òun á ti rí i pé bàtà ẹ̀ ṣì wà lẹ́yìnkùlé, pé iná ń jó nílé ìdáná, pé ọmọ tó ń jíṣẹ́ yẹn kọ́kọ́ bojú wo yàrá kó tó dáhùn. Tí kò bá ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, kí la tún fẹ́ pè é? Bá a ṣe bí Bàbá Lóṣòó nìyẹn, òṣómàáló tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ táwọn ará àdúgbò ṣì máa ń wá bá tí nǹkan bá sọnù. Watson tiwa jẹ́ nọ́ọ̀sì àgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ṣe é, nọ́ọ̀sì gidi ni wọ́n, torí náà ẹ má bínú tí wọ́n bá ń bá Bàbá wí nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru ní gbogbo síìnì, kò sí nínú ìwé, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń fi kún un.

Oṣù kẹsàn-án: Tíṣà ò gbà

Ẹni tó ń ṣe Bàbá Lóṣòó, Tíṣà là ń pè wọ́n, torí pé tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tá a jókòó ládùúgbò Ìsọ̀kùn ni wọ́n ti ní àwọn ò ṣe. Wọ́n ní Holmes táwọn kà, àga ló máa ń jókòó sí, á fa páìpù, á ronú mọ́jú, àwọn ò mọ èyí tó ń fò lójú wíńdò yìí, ọlọ́gbọ́n èèyàn lẹ fẹ́ sọ di ìpáǹle.

Mo ní Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká ṣí ìwé. Ìwé àkọ́kọ́ pàá, A Study in Scarlet, ti 1887: Watson jókòó, ó kọ lísìtì ohun tí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé mọ̀ àtohun tí kò mọ̀. Nọ́ńbà 6 níbẹ̀ ni pé ọkùnrin yìí á wo ẹrẹ̀ tó ta sí ṣòkòtò, á sì sọ apá ibi tó ti wá ní London. Nọ́ńbà 11 ni pé ó mọ ọ̀pá jà, ó mọ ẹ̀ṣẹ́ jà, ó mọ idà jà. Lísìtì kan náà o! Ọ̀gbẹ́ni tó mọ ẹrẹ̀ náà ló mọ ọ̀pá. Mo tún ṣí The Sign of Four fún wọn, 1890, ibi tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kan ti ní òun ò ní jẹ́ kí Holmes wọlé, Holmes wá ní ṣó ò rántí ẹni tó bá ẹ jẹ̀ṣẹ́ lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn ni, ẹ̀ṣọ́ yẹn bá pariwo pé tó bá jẹ́ pé o kàn gbá mi lábẹ́ àgbọ̀n bó o ṣe gbá mi lọ́jọ́ yẹn ni, kíá ni mi ò bá ti dá ẹ mọ̀. Ẹ̀ṣẹ́ ni ìwé ìdánimọ̀ ẹ̀.

Ká tiẹ̀ fi tòyìnbó sílẹ̀. Lápàdé tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ sínú Àjà Ló Lẹrù lọ́dún 1969, ṣé orí àga lòun wà tó fi ń lé olè?

Tíṣà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó dáa, àmọ́ àwọn ò ní bọ́ ẹ̀wù.

Ẹnì kan tún béèrè pé ṣé a ò ní jẹ gbèsè ẹni tó ni ìwé. Arthur Conan Doyle, ẹni tó kọ àwọn ìwé Holmes, kú lọ́dún 1930, òfin ilẹ̀ wa fún òǹkọ̀wé ní ọdún 70 lẹ́yìn ikú ẹ̀, ìyẹn ti tán ní ìparí ọdún 2000. Ìwé nìyẹn o. Fíìmù ti 2009 ṣì ní olówó ẹ̀, torí náà a ò mú ọ̀rọ̀ ẹnu, a ò mú aṣọ, a ò mú orin, a ò mú ìtàn ibẹ̀. Ọgbọ́n pé kéèyàn kọ́kọ́ ronú ìjà kó tó jà á, kò sẹ́ni tó ni ín.

Ìjà lórí ìwé

Òfin kan ṣoṣo ni mo ṣe: ẹ̀ṣẹ́ tí Bàbá Lóṣòó ò bá ti rí ìdí ẹ̀ ṣáájú, kò gbọ́dọ̀ gbá a. Ọ̀tá ẹ̀ sọ pé òun ń ta aṣọ, ẹ̀ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìlọrin dé ni, àmọ́ wúrà ló ń wà. Bàbá mọ̀ torí ìsàlẹ̀ bàtà ẹ̀: ilẹ̀ Ìtàgúnmọ́dì, níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà, pupa, ó sì máa ń lẹ̀, tó o bá rìn níbẹ̀ nígbà òjò, títí wàá fi délé lá máa tẹ̀ lé ẹ. Síìnì tí wọ́n ti pàdé, Bàbá kàn jókòó ń kí i ni, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Máṣíìnì ni ọ̀tá (orúkọ táwọn ọmọ jíìmù fún un ni, ó tóbi bí ilẹ̀kùn). Ohun tí Bàbá rí lára ẹ̀ rèé. Àpá sálẹ́ńsà ọ̀kadà wà ní ọ̀pọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀, ó ṣì tutù, kò tíì jinná; nítorí náà ibẹ̀ lọ̀pá máa kọ́kọ́ bà. Èjìká òsì ẹ̀ wálẹ̀ ju tọ̀tún lọ torí iyẹ̀pẹ̀ tó ń rù, ọwọ́ yẹn ò lè gòkè kọjá etí; etí òsì ni wọ́n máa gbá. Ó ń ṣẹ́jú sí oòrùn. Bàbá á rìn yíká díẹ̀díẹ̀ kí oòrùn lè wà lẹ́yìn òun. Ó ń wo ìgo orí tábìlì ju bó ṣe ń wo èèyàn lọ. Ìgo ló máa mú, ẹ jẹ́ kó mú un, àtẹ́rígbà ẹnu ọ̀nà rẹlẹ̀, tó bá gbé e sókè ibẹ̀ ló máa fọ́ sí. Èyí tó kẹ́yìn, tó bá wá fi gbogbo agbára ẹ̀ ju ẹ̀ṣẹ́, Bàbá á kàn lóṣòó. Ẹ̀ṣẹ́ kọjá lókè fìlà. Bàbá á wá dìde pẹ̀lú èjìká sí i níkùn.

Mi ò lè sọ bí inú mi ṣe dùn tó lọ́jọ́ tí lílóṣòó yẹn bọ́ sí mi lọ́kàn, ṣe ni mo dìde ní àárín òru.

Máṣíìnì fẹ́ ká fi ìpá kan téèyàn ń fò ta sí i. Mo ní kí ni Bàbá rí tó fi fò? Kò rí ìdáhùn, a yọ ọ́.

Kámẹ́rà àti iná

Fóònù mi lè ya férémù (àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ń para pọ̀ di fíìmù) 240 nínú sẹ́kọ́ńdì kan, fíìmù sì ń lọ ní 24. Pín in, 10 ni, ìyẹn ni pé ìjà sẹ́kọ́ńdì 4 á di 40 tá a bá fà á gùn, ààyè á wà fún Bàbá láti máa sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀, lẹ́yìn náà a ó tún fi ìjà kan náà hàn ní sẹ́kọ́ńdì 4 gidi. Àwọn ti 2009 ní Phantom, kámẹ́rà tí wọ́n dìídì ṣe fún irú fífà gùn yìí, a ò ní, ẹ má jẹ́ ká sunkún.

Ìdánwò àkọ́kọ́, alẹ́ ni, pálọ̀ wa, gílóòbù mẹ́ta. Nígbà tá a wò ó padà, iná ń ṣẹ́jú bí ilé pátì. Mo rò pé fóònù ló bàjẹ́, inú mi bàjẹ́ pẹ̀lú ẹ̀. Rewáyà àdúgbò wa ló ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, ó ní iná ilé wa ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 nínú sẹ́kọ́ńdì kan, ìlọ kan, àbọ̀ kan, gílóòbù á ràn á rẹlẹ̀ ní ìgbà 100, ojú wa ò lè rí i, ṣùgbọ́n ìwọ tó o fà á gùn ní ìlọ́po 10, 100 di 10, ojú ẹ á rí 10 dáadáa. A gbìyànjú jẹnẹrétọ̀, ó burú ju tàkọ́kọ́ lọ, torí ẹ́ńjìnnì yẹn tún ń wú ń fọn. Ohun tó gbà wá ni bátìrì ọ̀kadà, 12 fóòtì, pẹ̀lú gílóòbù LED mọ́tò, torí iná bátìrì kì í lọ kó bọ̀, tààrà ló ń sàn. Kò ṣẹ́jú rárá. Tíṣà gbé e mọ́ oríkì lójú ẹsẹ̀: Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko.

Ṣùgbọ́n kò mọ́lẹ̀ tó. Tí férémù bá ti di ìlọ́po 10, ìmọ́lẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń rí gbà á di ìdá kan nínú 10, iná mọ́tò méjì ò lè gbé ìyẹn. A bá gbé ìjà jáde sẹ́yìnkùlé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, oòrùn ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, a wá fi àjákù páànù tuntun méjì dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ibi tó ṣókùnkùn. Ẹ sì rántí pé oòrùn lójú ọ̀tá wà nínú ètò Bàbá tẹ́lẹ̀. Mi ò ní parọ́, ọjọ́ kejì tá a gbé e jáde ni mo tó rí i pé àwọn méjèèjì bá ara wọn mu, mo kàn ń ṣe bí ẹni tó ti mọ̀.

Ohun tí kámẹ́rà ń gùn, ìyẹn ò le. Páìpù pùlọ́ńbà méjì, bíárìn mẹ́jọ tí mẹkáníìkì kan ti yọ sọnù (irú èyí táwọn ọmọdé fi ń ṣe mọ́tò onípákó), pákó kékeré kan lórí ẹ̀. Páìpù máa ń tẹ̀ láàárín tí oòrùn bá pa á, a fi pákó tú-báì-fọ́ọ̀ tẹ́ ẹ nísàlẹ̀. Yanrìn ni ọ̀tá ẹ̀, hóró kan ṣoṣo á mú kó fò bíi ọ̀pọ̀lọ́, nítorí náà a ń fi aṣọ nù ún kí a tó ya ohunkóhun.

Ìgo

Èyí lẹ máa gbọ́ ìtàn ẹ̀.

Ìgo tó máa fọ́ lórí àtẹ́rígbà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ìgo gidi, ṣúgà la fi ń ṣe é, àwọn onífíìmù ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ife ṣúgà mẹ́rin, ife omi méjì, ṣíbí oje ọsàn wẹ́wẹ́ kan kí ṣúgà má bàa padà di hóró. O ó sè é títí ooru ẹ̀ á fi tó bíi 150 ní ìwọ̀n Celsius. A ò ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru, àmọ́ téèyàn bá kán an sínú omi tútù tó sì ṣẹ́, ká!, ó ti tó; tó bá ń tẹ̀, kò tíì tó.

Ìkòkò àkọ́kọ́: àbúrò mi ń rò ó. Mo ti sọ fún un pé má rò ó, ó ní ó ṣáà fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, ó rò ó bí ẹni ń ro ẹ̀kọ, gbogbo ẹ̀ padà di ṣúgà, a fi mu gààrí. Ìkòkò kejì jó díẹ̀, ó pọ́n, mo fẹ́ dà á nù ni mo wá ro ó pé ìgo ọtí wo gan-an ni kò pọ́n? A tọ́jú ẹ̀. Ìkòkò yẹn náà ló ta sí mi lọ́rùn ọwọ́, ẹ má fi ṣeré o, kì í ṣe bí omi gbígbóná, ṣe ló ń lẹ̀ mọ́ ara tá á sì máa jó lọ. Àpá ẹ̀ wà ńbẹ̀, Bàbá Lóṣòó á wò ó á mọ iṣẹ́ tí mo ṣe.

Pí-ó-pí tí wọ́n fi ń ṣe síìlíǹ la fi ṣe ohun tá a ń dà á sí: a tẹ ìdajì ìgo gidi sínú ẹ̀, ó gan, a ṣe ìdajì kejì, a fi òróró pa inú méjèèjì, a so wọ́n pọ̀, a da ṣúgà sí i, a yí i kiri títí á fi lẹ̀ mọ́ ògiri ẹ̀, a da ìyókù padà sínú ìkòkò. Mẹ́ta fọ́ lójú ẹsẹ̀ nígbà tá a ń tú u. Ẹ̀kẹrin jáde, wẹ́kú, ìgo gan-an! Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo sùn.

Ilẹ̀ mọ́. Òjò ti rọ̀ lóru. Ìgo ti tẹrí ba bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì, ó ń lẹ̀ mọ́ọ́wọ́, èèrà ti tò láti wíńdò débẹ̀. Ṣúgà máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, afẹ́fẹ́ Iléṣà loṣù kẹsàn-án sì rèé, téèyàn bá fọ aṣọ ọjọ́ mẹ́ta ni kó tó gbẹ. A ṣe méjì míì, bákan náà. Màámi wò mí, wọ́n ní ṣé èèrà lò ń sìn ni.

Ibẹ̀ ni mo ti rí wàhálà gidi tó wà nínú iṣẹ́ yìí. Ìgo ń fẹ́ ọyẹ́. Òpin fíìmù, etí omi tó ń já wálẹ̀ ni, omi yẹn sì ń fẹ́ òjò, tó bá fi máa di oṣù kejìlá kò ní pọ̀ tó mọ́. Ìtàn kan ṣoṣo, ojú ọjọ́ méjì. A bá yí ètò padà: òpin la máa kọ́kọ́ yà.

Oṣù kẹwàá: Erin-Ìjẹ̀ṣà

Holmes àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Moriarty, olórí ọ̀tá ẹ̀, dojú kọ ara wọn létí omi Reichenbach ní Swítsálándì, nínú The Final Problem tó jáde ní 1893. Omi tiwa ń bẹ nítòsí, Olúmirin, ìpele 7 ló ní, a ò kọjá tàkọ́kọ́. A san owó ìwọlé, a ti fi àkísà rọ aṣọ kan bí èèyàn, a fẹ́ jù ú sómi.

Bàbá tó ń mú àlejò kiri níbẹ̀ wo àkísà yẹn, wọ́n wo ojú wa, wọ́n ní rárá. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ etí ibẹ̀ yẹn, òkúta ń yọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ ju nǹkan sómi táwọn èèyàn ń lò nísàlẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ojú tì mí. A jókòó sórí àpáta, àkísà náà jókòó tì wá.

Tíṣà ló sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Nínú ìwé yẹn gan-an, ta ló rí ìjà ọ̀hún?"

Kò sẹ́ni tó rí i! Wọ́n ti fi lẹ́tà irọ́ tan Watson kúrò níbẹ̀, ìgbà tó máa fi padà, ojú ẹsẹ̀ èèyàn méjì ló bá lórí ilẹ̀ tó rin, méjèèjì lọ, kò sí èyí tó bọ̀. Ọ̀pá Holmes fara ti àpáta. Ó tán. Ọdún 10 lẹ́yìn ẹ̀, ní 1903, nínú The Empty House, ni Holmes padà wá tó ń ròyìn pé ìjà kan tí wọ́n ń pè ní "baritsu" lòun fi bọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí dá yín lára yá: ìjà yẹn wà lóòótọ́, Edward Barton-Wright ló kó o jọ ní London láti 1898, ìjàkadì Japan, ẹ̀ṣẹ́, ìpá àti ọ̀pá, Bartitsu lórúkọ ẹ̀, Doyle ló jẹ T kan níbẹ̀. Ọdún 1891 sì ni ìtàn sọ pé wọ́n jà létí omi, ìyẹn ni pé Holmes ti ń fi í jà kí ẹnikẹ́ni tó dá a sílẹ̀.

A bá ní ká ya ojú ẹsẹ̀. Ó rọrùn lẹ́nu. A ní iyẹ̀pẹ̀ Ìtàgúnmọ́dì nínú bàgì sìmẹ́ńtì, fún bàtà Máṣíìnì ni a ṣe gbé e dání. A pò ó, ẹsẹ̀ ọ̀tá máa pupa, ẹsẹ̀ Bàbá á dúdú. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń tẹ ẹsẹ̀ tó lọ tí kò bọ̀, nígbà tí kò ní kó sómi? Máṣíìnì rìn lọ ó sì fi ẹ̀yìn rìn padà sínú ojú ẹsẹ̀ ara ẹ̀, gìgísẹ̀ di méjì méjì, Tíṣà rí i láti ọ̀ọ́kán. A so bàtà mọ́ igi gígùn, à ń tẹ̀ ẹ́ látorí àpáta, kò jinlẹ̀, bí ẹsẹ̀ adìyẹ ló rí. Ìgbẹ̀yìn ẹ̀, a gbé pákó kámẹ́rà sórí òkúta méjì, àbúrò mi dọ̀bálẹ̀ sórí ẹ̀, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ bàtà, ó ń fi gbogbo ìwúwo ara ẹ̀ tẹ̀ ẹ́, gìgísẹ̀ ṣáájú, ọmọ ìka tẹ̀ lé e. Wákàtí méjì fún ìṣísẹ̀ 14. Ẹni tó ba ṣúgà jẹ́ nìyẹn o, ó ti gba ìdáríjì.

Omi ń hó lẹ́yìn, ẹsẹ̀ pupa, ẹsẹ̀ dúdú, ọ̀pá àtòrì Bàbá lórí àpáta. Ẹ̀gbọ́n mi dé gẹ́gẹ́ bíi Watson, wọ́n wo ilẹ̀, wọn ò sọ ohunkóhun, wọn ò tiẹ̀ dárúkọ ẹ̀jẹ̀ ríru. A kó iyẹ̀pẹ̀ wa padà sínú bàgì, a fọ ibẹ̀, a lọ sílé.

Oṣù kejìlá: ìjà

Ọyẹ́ dé, ètè bó, ìgo dúró! Mo ṣe mẹ́jọ, márùn-ún yè. Nítorí ojú tó ti rí mi, mo tún kó wọn sínú kúlà ọlọ́mọrí pẹ̀lú ìrẹsì gbígbẹ Màámi nísàlẹ̀ kó lè máa fa omi tó bá kù.

Orúnkún Tíṣà la ò ronú kàn. Wọ́n lè lóṣòó, dídìde ni wọn ò lè dìde, àwa méjì la fa wọ́n sókè, wọ́n ní ṣé ẹ̀yin lẹ máa gba gbèsè ọ̀hún ni. Mo ní kí kápẹ́ńtà kan ṣe àpótí ìjókòó kúkurú tí a lè fi agbádá bò, ó gba owó, ó ní lọ́la, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń sọ lọ́la, mo lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, tòótọ́ ni mo ń sọ fún yín, kó tó di ọ̀sán àpótí ti jáde. Tíṣà jókòó lé e, agbádá bò ó, ẹ ò ní mọ̀. Ọmọkùnrin wọn àkọ́bí ló ń ṣe ibi tí Bàbá ti ń yára, ẹ̀yìn wọn jọra, fìlà á bojú.

Ọ̀pá tí wọ́n fi ń lura wọn, páìpù wáyà ni, a fi fóòmù wé e, a fi ọ̀dà kùn ún bí àtòrì. Páálí núdù tó ṣófo bíi 30 la tò sílẹ̀ ní ibi tí Máṣíìnì máa ṣubú sí, a ká ẹnu wọn, a fi máàtì bò ó. Páálí ń wó díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ èèyàn, ó sàn ju fóòmù lọ, fóòmù máa ń ta èèyàn padà sókè.

Ìgo àkọ́kọ́: ó fọ́ rèterète, ó mọ́ lójú, àmọ́ mo gbàgbé láti tẹ fóònù. Ẹ má bi mí. Ìkejì: fìlà ọmọ Tíṣà já bọ́, irun dúdú bí èédú lórí Bàbá ẹni ọdún 70. Ìkẹta ló dáa. Nígbà tá a fà á gùn, ìgo kan àtẹ́rígbà, ó kọ́kọ́ là bí ojú ọ̀nà orí máàpù, ó wá tú ká, oòrùn wọ inú gbogbo ẹ̀, nígbà yẹn ni Bàbá ń sọ lórí ẹ̀ pé, "Ìgo lá mú. Ẹ jẹ́ kó mú un."

Lílóṣòó náà bọ́ sí i. Nínú Holmes kejì, ti 2011, Holmes àti Moriarty jọ dúró, wọ́n ja ìjà náà tán lọ́kàn kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́wọ́. Tiwa, Máṣíìnì ò rò ó rárá, Bàbá nìkan ló ń rò ó, ṣe ló kàn parẹ́ kúrò níwájú ẹ̀ṣẹ́ bí ìgbà tónígbèsè bá ṣílẹ̀kùn tó sì rò pé ẹni yẹn ti lọ.

Ìró

Ìró ẹ̀ṣẹ́: iyán inú odó, ọwọ́ tó dì. Ìjẹ̀ṣà ni wá, ẹ̀rí ọkàn kọ́kọ́ yọ mí lẹ́nu. Ìró egungun: igi ẹ̀gẹ́ gbígbẹ táa dá sí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù. Ọ̀pá: pàṣán lójú afẹ́fẹ́, ìgbà mẹ́wàá. Orin ló le. Hans Zimmer fi dùùrù hàràhàrà kan tí ohùn ẹ̀ ti yẹ̀ ṣe orin ti 2009, èyí fún mi láyà, mo lọ yá agídígbo àtijọ́ kan tí irin ẹ̀ méjì ti tú, wọ́n ń gbọ̀n tí o bá ta á, gbìn-ìn, zzz. Ẹni tó ni ín ní òun máa tún un ṣe kó tó gbé e fún mi, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má fọwọ́ kàn án.

Ohun tó kù: àwọ̀. Erin-Ìjẹ̀ṣà nínú òjò, gbogbo ibẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ẹ̀yìnkùlé nínú ọyẹ́, ojú ọ̀run funfun, ewé gbẹ. Ẹni tó bá mojú á sọ pé oṣù méjì wà láàárín ẹni tó lóṣòó àti ẹsẹ̀ ẹ̀. Mo ń pa àwọ̀ ewé omi kù lórí kọ̀ǹpútà, ó ti ń sún mọ́ra díẹ̀, kò tíì tán. Mo sì tún fẹ́ ya ibi tí ìgo ti ń fọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i láti ẹ̀gbẹ́, torí ìgo méjì ṣì wà nínú kúlà.

Ìrẹsì tó wà nísàlẹ̀ wọn, Màámi ti bù ú sè lọ́jọ́ Sunday láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ó ń dùn lẹ́nu díẹ̀, pé kí ni mo fi sí i.